Igbó tí òfin gbà àbí naloxone, oògùn tó ń jí ẹni tí oògùn líle fẹ́ pa: èwo ló ń gba ẹ̀mí là ní Amẹ́ríkà?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an. Ní 2021 nìkan, àwọn tí opioid, ìyẹn oògùn apàrora líle tó lè di bárakú, pa ní Amẹ́ríkà lé ní 80,000, fentanyl, ọ̀kan lára wọn tó lágbára gan-an, ló sì pa èyí tó pọ̀ jù. Àwọn kan ní kí wọ́n sáà fàyè gba igbó, pé ẹni tí ara ń ro á mu igbó dípò oògùn líle yẹn. Ìpínlẹ̀ Colorado dìbò fún un ní 2012, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ṣọ́ọ̀bù ní 2014.

Ọdún 2014 yẹn náà ni ìwádìí kan jáde, ó ní àwọn ìpínlẹ̀ tó gba igbó láàyè fún ìtọ́jú aláìsàn, ikú opioid ibẹ̀ fi bíi 25% kéré láàárín 1999 sí 2010, inú èèyàn dùn! Àmọ́ nígbà táwọn míì fa ìṣirò kan náà dé 2017, ó yí padà bírí, ikú fi bíi 23% pọ̀ sí i, torí náà mi ò lè sọ pé igbó ló gbà wọ́n là tẹ́lẹ̀, mi ò sì ní sọ pé òun ló pa wọ́n.

Naloxone ńkọ́? Ojú lẹ máa fi rí tiẹ̀. Ẹni tí opioid ti fẹ́ dá èémí ẹ̀ dúró, wọ́n á fín in sí i nímú, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó lè tún máa mí. Láti 2023 wọ́n ti ń tà á láìsí ìwé dókítà. Agbára ẹ̀ kì í pẹ́ o, ẹ pe 911 kíá, ẹ má fi onítọ̀hún sílẹ̀. Èmi, naloxone ni mo mú.