Bàtà Olówó Ńlá: Ìgbà Wo Ni Ó Tó Ohun Tí À Ń Rà?

Ní ọdún 2019, mo ra bàtà dúdú kan ní 185,000 naira. Orúkọ àwọn tó ṣe é lókìkí débi pé àwọn ọmọdé pàápàá mọ àmì rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé kì í ṣe ìjà ni mo bá wá. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹni tó bá ń gbèrò láti ra irú rẹ̀ mọ ohun tí owó náà lè rà àti ohun tí kò lè rà. Ìgbà mọ́kànlá péré ni mo wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà mo nù ún mọ́ tónítóní, mo fi aṣọ wé e, mo dá a padà sínú páálí rẹ̀, mo sì gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń ṣe sí bàtà òde.

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe ìgbéyàwó ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo níbí, ní ìparí ọdún 2024, mo gbé e jáde. Ojú rẹ̀ ń dán bí ọjọ́ tí mo rà á. Láti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn dé ìdí tábìlì wa kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kí n tó jókòó ni mo ti rí ohun dúdú kan tó ń já bọ́ lẹ́yìn mi lórí táìlì funfun, wẹ́wẹ́, bí èérún búrẹ́dì tó jóná. Mo kọ́kọ́ rò pé mo tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ni. Nígbà tí mo gbé ẹsẹ̀ wò, ìdajì gìgísẹ̀ bàtà òsì ti lọ, ti ọ̀tún sì ti sán káàkiri, tó fi jẹ́ pé èékánná lásán lè hú u. Sálúbàtà tí ọmọkùnrin kan bá mi yá ni mo wọ̀ títí òde fi tú, pẹ̀lú agbádá tí mo fi odindi oṣù kan rán.

Kì í ṣe eku ló jẹ ẹ́, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Polyurethane ni wọ́n fi ṣe àtẹ́lẹ̀ rẹ̀, ohun kan tó jọ ròbà tó jọ fóòmù, tó fúyẹ́, tó sì rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń tú u díẹ̀díẹ̀ láti inú wá, ooru sì máa ń mú kí ìtúká náà yá, yálà a wọ̀ ọ́ tàbí a kò wọ̀ ọ́. Ní ìlú bíi tiwa, tí òjò máa ń fi ọ̀pọ̀ oṣù rọ̀, tí aṣọ inú àpótí sì máa ń bu bí a kò bá sá a, páálí kò lè dáàbò bo irú bàtà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti ra èyí tó ní irú àtẹ́lẹ̀ yìí, kó máa wọ̀ ọ́. Fífi pamọ́ kò fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ ayé rẹ̀.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń rán bàtà nítòsí Ọlá-Ìyà. Bàbá náà fi ẹnu ọ̀bẹ tẹ etí rẹ̀ yípo, ó sì dá a padà fún mi. Ó ní, “Ọ̀gá mi, ẹ wò ó, gọ́ọ̀mù lásán ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Mo lè lẹ òmíràn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n awọ òkè yìí gan-an kì í ṣe ojúlówó, ọ̀dà ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀. Ẹ má fi owó ṣòfò.” Bí ó ṣe tẹ ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń tẹ̀ ni ọ̀dà náà sán, tí ohun eléérú kan sì yọjú lábẹ́ rẹ̀.

Bàtà kejì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀, òkìríkà ni, mo sì rà á ní 42,000 naira ní ọjà Ìgbọ̀nà ní ọdún 2020. Wọ́n kọ Northampton sí inú rẹ̀, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí iṣẹ́ bàtà ti pẹ́ níbẹ̀; ibẹ̀ ni Church's ti bẹ̀rẹ̀ ní 1873, tí Crockett & Jones sì tẹ̀ lé e ní 1879. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń wọ̀ ọ́ lọ sí ibi iṣẹ́ ní Abéré, nínú eruku ọyẹ́ àti nínú ẹrọ̀fọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pààrọ̀ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀, ìgbà kejì ni mo sì dúró ti bàbá náà títí ó fi ṣe é tán.

Ó kọ́kọ́ gé ìrán tó yí etí bàtà ká, àtẹ́lẹ̀ àtijọ́ sì ṣí kúrò odindi bí ìdérí ìkòkò. Awọ òkè kò mọ̀ rárá pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ìdí ni pé ọ̀já awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n kọ́kọ́ rán mọ́ awọ òkè àti ìtẹ́sẹ̀ inú, ara ọ̀já yẹn ni wọ́n sì wá rán àtẹ́lẹ̀ mọ́, tí àtẹ́lẹ̀ fi lè lọ kí òmíràn dé láìjẹ́ pé abẹ́rẹ́ kan ojú bàtà. Ẹ̀rọ tí Charles Goodyear kékeré gba ìwé-àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1871 ló sọ iṣẹ́ yìí, tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tẹ́lẹ̀, di ohun tí ilé-iṣẹ́ ńlá lè ṣe, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè é títí di òní. Lábẹ́ àtẹ́lẹ̀ tó ṣí náà ni mo ti rí kọ́ọ̀kì, èèpo igi fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń dé ìgò wáìnì, tí wọ́n tẹ́ sí àárín. Ẹsẹ̀ mi ló wà níbẹ̀ kedere: ibi tí àtàǹpàkò ti jìn, ibi tí gìgísẹ̀ ti wọlẹ̀ ju ibi yòókù lọ. Bàbá náà fi ọwọ́ pa á, ó ní, “Ẹ rí i? Ó ti mọ̀ yín.”

Mo jókòó ṣe ìṣirò. 185,000 naira tí mo pín sí ọ̀nà mọ́kànlá jẹ́ nǹkan bí 16,800 naira fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí mo wọ bàtà dúdú. Èkejì, pẹ̀lú àtẹ́lẹ̀ méjì ní 12,000 naira kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 66,000 naira, mo sì ti wọ̀ ọ́ tó ìgbà 500: 132 naira fún ìgbà kan. Ẹnìkan lè sọ pé òkìríkà ni, kò yẹ kí n fi wé títun. Òótọ́ ni. Ká tilẹ̀ ní mílíọ̀nù kan naira ni mo fi rà á ní títun, kò ní ju 2,048 naira lọ fún ìgbà kan, ó sì ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi.

Nítorí náà, èrò mi ni pé bàtà olówó ńlá tó ohun tí à ń rà nígbà tí ó bá ṣeé tú palẹ̀, kí a sì tún un ṣe, tí awọ rẹ̀ jẹ́ ojúlówó, tí iṣẹ́ ẹni sì gbà pé kí a máa wọ̀ ọ́ déédéé. Ti orúkọ yàtọ̀. Àtẹ́lẹ̀ pupa Christian Louboutin, ará Faransé tó ń ṣe bàtà olówó ńlá, jẹ́ àpẹẹrẹ tó ṣe kedere: ní 2012, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní New York fọwọ́ sí i pé àmì tirẹ̀ ni àwọ̀ pupa yẹn, níwọ̀n ìgbà tí ìyókù bàtà kò bá pupa. Àwọ̀ ni wọ́n jà lé lórí, kì í ṣe bí bàtà ti ṣe lágbára tó; ọ̀dà pupa náà sì máa ń bó kúrò nígbà tí a bá fi rìn lórí ilẹ̀ oníyanrìn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó fẹ́ràn bàtà gogoro, kò gbà fún mi níbí. Ó ní bí bàtà ṣe ń mú òun dúró níwájú àwùjọ ni òun ń sanwó fún. N kò lè bá a jiyàn, ẹwà náà jẹ́ ohun rírà, kó ṣáà ti mọ̀ pé ẹwà nìkan ni òun rà. Mo rọ̀ ọ́ kó jẹ́ kí wọ́n lẹ ròbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kó tó fi tẹ títì, kó sì máa pààrọ̀ ṣóńṣó gìgísẹ̀ kí irin tó yọ.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ yẹ etí àtẹ́lẹ̀ wò dáadáa, nítorí pé àwọn kan máa ń lẹ ọ̀já tí wọ́n ti rán lójú lásán mọ́ ọn, tí okùn náà kò sì di ohunkóhun mú. Ẹ tẹ awọ náà: ojúlówó máa ń hunjọ wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń padà sípò. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ wọ̀ ọ́ wò, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Fún ìlú wa, àtẹ́lẹ̀ ròbà tí wọ́n rán sàn ju ti awọ lọ, nítorí pé awọ máa ń mu omi ẹrọ̀fọ̀. Ẹ tún ro ti Jímọ́ọ̀: bàtà tí ẹ kò lè bọ́ sí ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí kí ọkàn yín sì wà lórí ìrun ti wọ́n jù fún yín, ohun yòówù kí wọ́n fi ṣe é.

Mo ti ń tọ́jú owó fún dúdú mìíràn, títun ni mo sì fẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ti bẹ bàbá náà pé kí n tó san kọ́bọ̀, màá gbé e wá sí ìsọ̀ rẹ̀ kó fi ọ̀bẹ rẹ̀ wo etí rẹ̀ yípo.