Olúmọ: ẹ má sáré kọjá ihò àpáta

Èrò pọ̀ tó ń lọ sí Olúmọ ní Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń sáré gun òkè téńté, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó sọ àpáta yìí di odi ààbò fún àwọn Ẹ̀gbá kò sí lókè lọ́hùn-ún. Agbedeméjì ló wà, nínú ihò àpáta. Tí ẹ bá ní wákàtí méjì, ẹ fún ihò náà ní odindi wákàtí kan.

Òkúta ràbàtà ló yọ síta bí àjà, àwọn èèyàn sì sá sí abẹ́ rẹ̀. Àjà náà kò ga: ẹni tó bá ga díẹ̀ ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé, ẹni tó bá sì yára nàró á fi orí gbá òkúta. Ẹ bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé, á yé yín pé kò sí bí ogun ṣe lè ya wọ ibẹ̀ lọ́pọ̀ èrò. Ẹ wá wo ilẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí àwọn ojú ihò róbótó nínú àpáta, níbi tí àwọn tó sá pamọ́ ti ń gún ata àti èlò ọbẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan etí wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá tó ń wá oúnjẹ fún ọmọ lákòókò ogun nìyẹn, òun sì ni a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbójú fò dá.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń mú yín kiri sọ ìtàn, àmọ́ ẹ mọ ibi tí ìtàn ti máa ń lọ́ mọ́ra. Ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá, tí ogun ti tú àwọn ìlú wọn ká, tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, wá sí abẹ́ Olúmọ. Àwọn Òwu dé lẹ́yìn wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì, ìjọba kan ní ilẹ̀ Benin Republic òde òní, dé ní 1851, tí wọ́n tún padà wá ní 1864, ìlú ti ní odi amọ̀ pẹ̀lú yàrà tó yí i ká, ìdí odi yẹn ni àwọn Ẹ̀gbá sì ti lé wọn. Ẹnubodè Àrò ni ogun 1851 ti gbóná jù. Ẹni tó bá ní orí Olúmọ ni wọ́n ti ṣẹ́gun Dàhòmì, ẹ rọra bi í léèrè nípa odi ìlú.

Ní ti gígun àpáta náà, ẹ má jẹ́ kí mítà 137 tí wọ́n ń kà bà yín lẹ́rù. Láti ìpele omi òkun ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ìlú fúnra rẹ̀ ti wà lórí ilẹ̀ gíga, nítorí náà ohun tí ẹsẹ̀ yín máa gùn kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Àtẹ̀gùn wà, lífítì náà wà, ṣùgbọ́n lífítì ò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná. Ẹ má gbára lé e, pàápàá tí àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn bá wà pẹ̀lú yín. Ẹ béèrè ní géètì kí ẹ tó sanwó. Kódà bó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ó ṣì fi ẹsẹ̀ rin orí àpáta gan-an kí ẹ tó dé òkè.

Ibi tí wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni bàtà. Sílípáàsì àti bàtà gogoro kò dára níbẹ̀. Kánfáàsì tí abẹ́ rẹ̀ kò tíì jẹ ni kí ẹ wọ̀. Tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ dúró kí àpáta gbẹ, torí ó máa ń yọ̀ gan-an. Aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀ ló dára jù. Tó bá di ọ̀sán, àpáta á ti gbóná, ooru rẹ̀ á sì máa jó yín látìsàlẹ̀. Omi ìgò méjì fún ẹnì kan kò pọ̀ jù. Lákòókò ọyẹ́, eruku lè bo gbogbo ìlú mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, ẹ ó rí odò Ògùn àti àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà, tó tẹ́ rẹrẹẹrẹ.

Ojúbọ wà lórí àpáta náà, kì í sì í ṣe fún ìran wíwò. Ẹ kí àwọn ìyá àgbà tí ẹ bá bá níbẹ̀ tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, ẹ má sì ya wọ́n ní fọ́tò láìgba àṣẹ.

Láti Èkó, ojú ọ̀nà Sàngó Ọ̀tà lè gba odindi àárọ̀ yín tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá wà. Reluwé Èkó sí Ìbàdàn yá jù ú lọ, ṣùgbọ́n Láderin, lẹ́yìn ìlú, ló ti ń dúró, nítorí náà ẹ fi owó takisí kún ìṣirò yín. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì á sọ̀ ní Kútọ̀, á sì gba ibẹ̀ wọ ọ̀kadà tàbí takisí lọ sí Ìkijà. Ẹ ná owó rẹ̀ kí ẹ tó gùn. Ọjà àdìrẹ Ìtòkú kò jìnnà sí àpáta náà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gun Olúmọ ná, kí ẹ má baà máa fi ẹrù aṣọ gun òkè.