Cessna 172 àbí light sport: èwo ni kí ẹni tó ń padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ bààlúù náwó lé?

Láti ìgbà tí mo ti darí wálé sí Iléṣà, èèyàn mẹ́ta ló ti wá bá mi láti Ifẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wíwa bààlúù ní Amẹ́ríkà, owó tán lọ́nà, wọ́n wá fẹ́ padà lọ parí ẹ̀. Cessna 172 ni bààlúù oníjókòó mẹ́rin tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń lò; light sport ni bààlúù kékeré tó fúyẹ́, tó sábà jẹ́ oníjókòó méjì. Mo ti fi méjèèjì kọ́ṣẹ́, èmi àti ọ̀rẹ́ méjì sì jọ ní light sport kan fún ọdún mẹ́rin ní Texas.

Epo: Cessna 172 ń mu bíi lítà 30 sí 34 ní wákàtí kan. Light sport tó ní ẹ́ńjìnnì Rotax 912 kì í sábà kọjá 20, ó sì lè mu bẹntiróòlù tí mọ́tò ń mu.

Àmọ́ epo kọ́ ló jẹ mí lówó. Àlàfo ni. Nígbà tí mo ń fi Cessna kọ́ṣẹ́, owó bààlúù àti ti olùkọ́ ń sún mọ́ igba dọ́là ní wákàtí kan, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì lagbára mi ká. Ọ̀sẹ̀ méjì sì ti tó kí ọwọ́ gbàgbé. Bí mo bá ti dé, olùkọ́ á ní ká tún bíbalẹ̀ tó kọjá ṣe, ìdajì wákàtí á lọ sórí ohun tí mo ti sanwó ẹ̀ rí. Agbọ̀n ni mo fi ń pọnmi. Wákàtí 40 ni òfin ní kó kéré jù fún láísẹ́ńsì private, ìyẹn ti ẹni tó ń wa bààlúù fún ara ẹ̀, tí kì í ṣe fún owó. Mo ti lo 38, wọn ò tíì jẹ́ kí n dá fò. Mo pa á tì fún ọdún márùn-ún. Light sport ni mo fi padà. Owó ẹ̀ fi ìdámẹ́ta dín, mo wá ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, olùkọ́ bọ́ sílẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní ó yá, kí n máa lọ.

Nítorí náà, ẹ ṣírò iye ìgbà tí owó yín lè gbé yín sókè lọ́sẹ̀. Bí kò bá tó ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ dúró sílé kẹ́ ẹ ṣì kówó jọ. Ẹ tún bi ilé ẹ̀kọ́ pé light sport mélòó ni wọ́n ní. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, tó sì bàjẹ́, àlàfo yẹn náà tún ti dé.

Ìwọ̀n: òfin Amẹ́ríkà ti 2004 fi kílò 600 dé light sport, bààlúù, èèyàn àti epo lápapọ̀. Ti 2025 ti tú u, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nílé ẹ̀kọ́ ṣì jẹ́ ti àtijọ́. Tiwa fúnra ẹ̀ wọn 360. Kílò 92 ni mí, olùkọ́ jẹ́ 98, ó ku 50 fún epo, ìyẹn sì ju wákàtí mẹ́ta lọ. Ẹni tó bá sanra gan-an, Cessna ni tiẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ń bi light sport kiri torí pé ó fúyẹ́. Ẹsẹ̀ yín, tẹ́ ẹ fi ń tẹ pẹ́dà tó ń tọ́ imú ẹ̀, á mọ iṣẹ́ ẹ̀ kíákíá.

Bààlúù yòówù kẹ́ ẹ yàn, físà akẹ́kọ̀ọ́ àti ìyọ̀ǹda TSA (àjọ ààbò ìrìnnà Amẹ́ríkà) kò yàtọ̀. Láísẹ́ńsì ni kẹ́ ẹ ṣọ́: wákàtí 20 ni ti sport, láísẹ́ńsì tó kéré sí private, àmọ́ kò bá ìlànà àgbáyé mu, ẹ ò kàn lè gbé e wá fò ní Nàìjíríà. Ẹ fi light sport kọ́ ti private. Òfin gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí owó ẹ̀ pé lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò nínú ìkùukùu lẹ́yìn náà, Cessna kò ní já a kulẹ̀. Ọmọ Ifẹ̀ tó wá kẹ́yìn ní wákàtí 26 nínú ìwé ẹ̀, owó ẹ̀ kò sì pọ̀. Mo ní kó wá pápá bààlúù kékeré tí ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ní light sport méjì.