Sódà àbí pọ́táàṣì: èwo ni kí ẹni tó fẹ́ ṣe ọṣẹ rà?

Epo pupa kílò 5 ni mo fi ṣòfò kí n tó mọ̀ pé kọ́sítíìkì, èyí tí a fi ń sọ epo di ọṣẹ, kì í ṣe orúkọ nǹkan kan ṣoṣo: sódà wà, pọ́táàṣì náà wà. Sódà ni mo máa ń lò fún ọṣẹ búlọ́ọ̀kù mi. Lọ́jọ́ tí sódà tán lọ́jà, ẹni tí mo ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ bu pọ́táàṣì sínú náílọ́ọ̀nù fún mi. Ó ní, "Ọ̀kan náà ni wọ́n, mọ́mì, ẹ máa lò ó lọ." Wọ́n jọra lóòótọ́. Àwọn méjèèjì funfun, wọ́n rí pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja, wọ́n sì lè bó èèyàn lára. Mo wọn gíráàmù 710, bí mo ṣe máa ń wọn sódà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ tí mo ṣí páànù, epo ló léfòó lókè, ìsàlẹ̀ sì rí bí ẹ̀kọ tó kọ̀ tí kò dì.

Ẹ jẹ́ ká wo inú wọn. Èròjà mẹ́ta ló para pọ̀ di ìkọ̀ọ̀kan. Sódà ni NaOH: sódíọ̀mù, ọ́ksíjìn àti háídírójìn. Pọ́táàṣì ni KOH: pọtásíọ̀mù ló gba ipò sódíọ̀mù. OH yẹn ló ń sọ epo di ọṣẹ, òun gan-an sì lẹ ń sanwó fún. Mẹ́táàlì náà, ìyẹn sódíọ̀mù tàbí pọtásíọ̀mù, ní àmì ìròpọ̀ (+) kan, OH ní àmì ìyọkúrò (−) kan, àmì méjèèjì ló ń fa ara wọn mọ́ra, ẹyọ kan sì ń bá ẹyọ kan lọ. Àmọ́ ìwọ̀n wọn ò dọ́gba: sódíọ̀mù jẹ́ 23, pọtásíọ̀mù jẹ́ 39, OH jẹ́ 17. Bí ẹ bá wọn sódà gíráàmù 40, OH 17 wà níbẹ̀. Kí ẹ tó rí 17 kan náà nínú pọ́táàṣì, ẹ ó wọn 56.

Fún kílò epo pupa kan, sódà bíi gíráàmù 142 ló ń gbà, pọ́táàṣì tó mọ́ gaara á sì gba bíi 200. Ṣùgbọ́n pọ́táàṣì kì í sábà mọ́ gaara. Tuntun rẹ̀ gan-an sábà máa ń jẹ́ 90%, omi ló pọ̀ jù nínú ìyókù, nígbà tí sódà ìpẹ́ máa ń tó 98 tàbí 99. Nítorí náà ẹ ó wọn tó 220. Èmi tí mo wọn 142 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́ta epo mi àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ò rí OH tó máa bá a ṣiṣẹ́. Ká tiẹ̀ ní mo wọ̀n ọ́n dáadáa, kò ní le bí búlọ́ọ̀kù. Ọṣẹ pọtásíọ̀mù máa ń rọ̀ ni, ẹ wo ọṣẹ dúdú.

Ohun tó tún bà mí nínú jẹ́ ni àpò tó ti wà ní ṣíṣí. Kábọ́nù dàóksáìdì inú afẹ́fẹ́ á wọ inú rẹ̀, NaOH méjì á di Na₂CO₃ kan, tí wọ́n ń pè ní kábọ́nétì, àti omi. Èròjà mẹ́ta ṣì ni, àmọ́ háídírójìn ti jáde, kábọ́nù ti wọlé. CO₃ ní àmì ìyọkúrò méjì, ìdí nìyẹn tó fi di sódíọ̀mù méjì mú. Ọṣẹ tí a ò gbé kaná ò lè rí kábọ́nétì yìí lò. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa yàtọ̀: K₂CO₃, ìyẹn kábọ́nétì ti pọtásíọ̀mù, ló pọ̀ nínú omi eérú èèpo kòkó wọn, wọ́n sì ń sè é pẹ́ lórí iná. Pọ́táàṣì tètè ń fa omi mọ́ra ju sódà lọ, kí ẹ tó bù ú tán á ti máa ṣomi. Kí ẹ lè mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ti ba kọ́sítíìkì yín jẹ́, ẹ po bíńtín rẹ̀ mọ́ omi síbí mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ púpọ̀ sí i. Bó bá hó yaya, kábọ́nétì ti pọ̀ níbẹ̀.

Owó: pọ́táàṣì wọ́n jù ní kílò, ẹ ó sì tún lò ju ti sódà lọ.

Ìkòkò: kí èyíkéyìí nínú wọn má kan alumíníọ̀mù, yóò jẹ ẹ́.

Omi: inú omi lẹ ó da kọ́sítíìkì sí, ẹ má da omi lé e lórí.

Kánún: ẹ gbójú kúrò níbẹ̀. Òyìnbó ń pè é ní pọ́táàṣì, ṣùgbọ́n sódíọ̀mù ló kún inú èyí tí wọ́n ń kó wá láti agbègbè adágún Chad.

Kí n má ṣègbè, ọṣẹ olómi àti ọṣẹ rírọ̀, ti pọ́táàṣì ni, sódà ò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí owó rẹ̀ ò ju ti ẹyọ kan lọ, kó ra sódà. Kí ẹ̀yin méjì tàbí mẹ́ta dá owó ra àpò kílò 25 tí wọn ò tíì já, kí ẹ sì dà á sínú kẹ́ẹ̀gì oníke tó ní ìdérí líle lọ́jọ́ náà gan-an. Pọ́táàṣì tó ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́, mo tún un wọ̀n, mo fi àdín sè é, òun la sì fi ń fọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù títí ọdún fi parí.