Àwọn oògùn inú omi ìtútù kọ̀ǹpútà: èyí tó yẹ ká rà àtèyí tó yẹ ká fi sílẹ̀

Àwọn kọ̀ǹpútà kan wà tó jẹ́ pé omi tó ń yí ká inú páìpù ló ń mú wọn tutù. Kò sí oògùn kankan tí wọ́n ń tà fún omi ìtútù tó ń mú kọ̀ǹpútà tutù ju bí omi dístíìlì lásán ṣe ń ṣe é lọ. Omi fúnra rẹ̀ ló ń gbé ooru. Tí ẹ bá da glycol, ìyẹn omi kẹ́míkà tó ki, sí i, ṣe ni agbára yẹn á dín kù díẹ̀. Nǹkan méjì péré ló ń mú wa ra oògùn: kí ohunkóhun má baà hù nínú omi, kí irin má sì dípẹtà. Ojú yẹn la fi wo àwọn tó wà lórí igbá.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ìgò kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ irin tó wà nínú ẹ̀rọ yín. Blọ́ọ̀kù tó ń jókòó lórí CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, bàbà ni, tàbí bàbà tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bò. Ràdíétọ̀ tó dáa, bàbà àti idẹ ni. Àwọn wọ̀nyí ń bára wọn gbé. Alumíníọ̀mù ni kì í bá wọn gbé: tí òun àti bàbà bá jọ wà nínú omi kan náà, alumíníọ̀mù ni ìpẹtà á máa jẹ títí yóò fi lu. Oògùn lè fa ọjọ́ náà sẹ́yìn, kò lè yẹ̀ ẹ́. Àwọn ẹ̀rọ ìtútù tí wọ́n ti dí pa láti ilé iṣẹ́ sábà máa ń ní ràdíétọ̀ alumíníọ̀mù pẹ̀lú blọ́ọ̀kù bàbà, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń rọ oògùn adènà ìpẹtà kún inú wọn. Ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ to tirẹ̀ kò nídìí láti ru ẹrù yẹn. Kó yọ alumíníọ̀mù kúrò.

Nínú àwọn apakòkòrò, PT Nuke lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ jù, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ń rà á ṣì, torí oríṣi méjì tí kò jọra rárá ló ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ọ̀kan jẹ́ copper sulfate. Èkejì, tí wọ́n kọ PHN sí lára, jẹ́ benzalkonium chloride. Copper sulfate ń pa nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń hù nínú omi dáadáa, àmọ́ ó lọ́tàá. Tó bá kan alumíníọ̀mù, bàbà inú rẹ̀ á lọ lẹ̀ mọ́ ọn lára, á sì máa gbẹ́ ihò sí i. Tó bá pàdé benzotriazole, ìyẹn adènà ìpẹtà tó wọ́pọ̀ fún bàbà, àwọn méjèèjì á so pọ̀, wọ́n á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Apakòkòrò ò ṣiṣẹ́ mọ́, adènà ìpẹtà náà ò ṣiṣẹ́ mọ́, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sì ti wọnú blọ́ọ̀kù lọ. Inú ẹ̀rọ tó jẹ́ bàbà àti idẹ nìkan, tí kò sí oògùn mìíràn nínú rẹ̀, la ti lè fọwọ́ sí copper sulfate.

PHN la fẹ́ jù. Kò bá níkẹ́ẹ̀lì jà, kò sì bá benzotriazole jà. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò ni kí ẹ kán sí i, ẹ má lé e, torí tó bá ti pọ̀ jù, omi á máa yọ ìfófòó, pọ́ǹpù á sì máa fa ìfófòó dípò omi. Ohun kan wà tí wọn kì í sábà kọ sára ìgò: ọṣẹ ìfọbọ́ ń sọ ọ́ di aláìlágbára. Ẹni tó bá fi ọṣẹ fọ ràdíétọ̀, tí kò ṣan án tán, tó wá kán PHN sí i, omi rẹ̀ kò ní apakòkòrò kankan nínú. Ẹ bu bí 100 mílílítà omi tí ẹ fi ṣan án kẹ́yìn sínú ìgò tó mọ́ gaara, ẹ dé e, kí ẹ mì í dáadáa. Tí ìfófòó bá dúró lójú omi dípò kó pòórá lójú ẹsẹ̀, ọṣẹ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ tún un ṣàn.

Fàdákà tí wọ́n ń ká sínú páìpù tàbí táǹkì kò ní àǹfààní tí PHN kò ní, kò sì yẹ nínú ẹ̀rọ tó ní níkẹ́ẹ̀lì. Ẹ fi sílẹ̀.

Ní ti ìpẹtà, benzotriazole ni kí ẹ wá lára ìgò. Ó ń dà bò bàbà ní ìpele tíńtín tí omi ò lè là kọjá. Ara bàbà tó mọ́ nìkan ló ti ń rí ibi dì mú, nítorí náà ràdíétọ̀ tuntun tí ẹ kò tíì ṣàn á fi oògùn yín ṣòfò: èérí ìjórin ṣì kún inú rẹ̀. Ẹ bu omi dístíìlì gbígbóná sí i dé ìdajì, ẹ dí i lẹ́nu, ẹ mì í kíkankíkan, ẹ dà á nù sínú àwo funfun kí ẹ lè rí ohun tó ń jáde. Ẹ máa ṣe é títí kò fi ní sí ẹyọ ìdọ̀tí kan nínú àwo. Omi ẹ̀rọ lásán kò yẹ fún ṣíṣàn ìkẹyìn, torí ẹfun inú rẹ̀ á kù síbẹ̀.

Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà dída ìgò méjì pọ̀, kó ra èyí tí wọ́n ti pò pọ̀ láti ilé iṣẹ́. Irú EK-CryoFuel tó ki máa ń wá nínú ìgò 100 mílílítà, tí a ó da 900 mílílítà omi dístíìlì sí kó lè di lítà kan. Ó dáa, kò sì ní ọ̀rọ̀ nínú, bí ẹ kò bá ṣáà ti fi kún un. Apakòkòrò àti adènà ìpẹtà ti wà nínú rẹ̀. Èyí tí ẹ bá tún kán sí i lè bá ti inú rẹ̀ jà. Ẹ má sì fi lítà méjì omi bù ú là nítorí kó lè pẹ́. Oògùn tó yẹ kó ṣọ́ ẹ̀rọ yín á ti fẹ́lẹ́ jù.

Ẹni tó fẹ́ fi propylene glycol po tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kó jẹ́ ìdá 25 sí 30 nínú 100: 300 mílílítà glycol sí 700 omi, bí àpẹẹrẹ. Tó bá kéré gan-an sí ìyẹn, glycol tó yẹ kó dènà baktéríà á wá di oúnjẹ fún un. Tó bá pọ̀ jù ú lọ, omi á ki, á sì máa ṣàn lọ́ra. Ethylene glycol, tí ó wà nínú omi ràdíétọ̀ mọ́tò, májèlé ni, ó sì dùn lẹ́nu, nítorí náà ẹ má gbé e síbi tọ́mọdé tàbí ajá lè dé. Àwọn kan tiẹ̀ ní silicate nínú, èyí tó lè dì mọ́ inú blọ́ọ̀kù.

Red Line Water Wetter, fún ẹ̀rọ mọ́tò ni wọ́n ṣe é. Ìgò 355 mílílítà kan wà fún nǹkan bíi lítà 11 sí 19, ìyẹn bíi mílílítà 19 sí 32 fún lítà kan. Inú kọ̀ǹpútà tí gbogbo omi rẹ̀ lè má pé lítà kan, ẹni tó bá fojú díwọ̀n ún á dà á jù, á sì rí ìfófòó àti èérí. A kò rí ohun tó ń ṣe níbẹ̀ tí benzotriazole ò lè ṣe.

Ní ti aró, ẹ kán díẹ̀ tó mọ́ gaara bó bá wù yín, àmọ́ omi tí kò láwọ̀ la yàn, torí òun ló ń fi àìsàn ẹ̀rọ hàn kíákíá. Èyí tí ojú ò lè là kọjá bí wàrà tàbí tó ń dán bí òṣùpá, ẹ yẹra fún un pátápátá. Mayhems, ilé iṣẹ́ tó ṣe Aurora, ọ̀kan lára àwọn omi tó ń dán bẹ́ẹ̀, fúnra wọn sọ pé fún ìfihàn ni, kì í ṣe fún lílo ojoojúmọ́. Àlàfo àárín àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ inú blọ́ọ̀kù kì í sábà ju ìdá díẹ̀ nínú mílímítà lọ. Ohunkóhun tó bá léfòó nínú omi, ibẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí.

Ẹ má fi apakòkòrò wo àìsàn tí kì í ṣe tirẹ̀. Nǹkan tó ń yọ̀, tó ń rùn, tó láwọ̀ ewé, ohun abẹ̀mí ni. Apakòkòrò kò tó, ẹ tú u, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ tó bu omi tuntun. Èyí tó funfun, tó sì dà bí ìda lọ́wọ́, tí kò rùn, láti inú páìpù rọ́bà PVC tó mọ́ gaara ló ti jáde. Ẹ̀kán PT Nuke mélòó kan kò ní mú un kúrò. Rọ́bà EPDM dúdú ni àtúnṣe. Èyí tó jẹ́ búlúù tàbí àwọ̀ ewé tó gbẹ lára irin, ìpẹtà bàbà ni. Tí ẹ bá ń nu ibi tó jẹ́ akírílíìkì, ẹ má lo ọtí ìfọgbẹ́, á sán.

Ìta ni kí ẹ ti po omi pọ̀, nínú ìgò tó mọ́, kí ẹ tó bù ú sínú táǹkì. Ẹ fi 100 mílílítà pamọ́ sínú ìgò tí ẹ dé mọ́ra. Tí omi inú ẹ̀rọ bá yí àwọ̀ padà lóṣù díẹ̀ sí i, òun lẹ ó fi wé e. Bébà ìdánwò pH, èyí tó ń fi bí omi ṣe kan tó hàn, yẹ kó wà láàárín 7 sí 8.5. Tó bá já sí nǹkan bíi 6.5 tàbí kó rẹlẹ̀ sí i, ẹ da omi náà nù, kódà tí ọdún kò bá tíì pé. Tó bá dúró dáadáa, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, torí adènà ìpẹtà máa ń tán díẹ̀díẹ̀ láìsí àmì kankan nínú omi.