Awò VR fún ọpọlọ tó ti ṣàìsàn rí: mo lò ó ní Ìyàrá, ẹ gbọ́ tẹnu mi

Òkun o, gbogbo ilé. Ẹni tó bá ń kánjú, ìdájọ́ mi rèé: awò VR yìí, èyí téèyàn ń dé sójú tí á fi dà bíi pé ó wà níbòmíràn, dára, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó tì mí nígbà tí mò ń lò ó ló ṣe iṣẹ́ jù. Bí owó yín ò bá ká méjèèjì, ẹ wá ẹni náà, kẹ́ ẹ fi awò sílẹ̀.

Èmi ni mò ń ṣe POS lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ìyàrá, nílẹ̀ Ìjùmú, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ilé ìwé ni mo wà nígbà tí ọpọlọ mi ṣàìsàn. Mò ń gbọ́ ohùn tí ẹnìkan ò gbọ́, mo sì gbà pé àwọn kan ń fi rédíò sọ̀rọ̀ mi. Àwọn dókítà pè é ní psychosis. Ìyẹn ti rọlẹ̀. Mò ń gba abẹ́rẹ́ mi, mò ń lo oògùn mi. Èyí tí kò rọlẹ̀, tí ará ilé kì í sì í bi mí léèrè, ni pé ọpọlọ mi ń falẹ̀. Oníbàárà á sọ iye, á ka nọ́ńbà àkáǹtì, kó tó kà á tán, iye ti fò lọ. Bí ẹlòmíràn bá kí mi láàárín kan, ó di kí n tún un bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé tí ohùn bá ti lọ, ara ti yá nìyẹn. Ohùn lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ni mò ń kà fún oníbàárà, orí ni mo sì fi ń kà á.

Àbúrò mi obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ occupational therapy, ìyẹn ìtọ́jú tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti padà máa ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀, ní Òṣòdì, l'Ékòó. Lásìkò ọyẹ́ tó wálé, ó gbé awò náà dání, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló yá a. Kó tó jẹ́ kí n fi ojú kàn án, ó pe nọ́ọ̀sì tó ń gún mi lábẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá mo ṣì ń gbọ́ ohùn, bóyá wárápá mú mi rí, àti bóyá mò ń sùn dáadáa lóru. Ìgbà tó gbọ́ ìdáhùn tó tẹ́ ẹ lọ́rùn ló tó ní ká máa bá a lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ ò tíì balẹ̀, tí ohùn ṣì ń dà láàmú lójoojúmọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dé e fún un.

Awò náà rí gan-an bíi ti àwọn wẹ́dà, àmọ́ kò sí ibi téèyàn ń gbà wo ìta. Ètò tí a lò jù nínú rẹ̀ ni ti ọjà rírà. Ẹ ó bá ara yín nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, irú èyí tó ní ilẹ̀kùn gíláàsì, tí ọjà tò sórí pẹpẹ láti òkè délẹ̀. Ohùn obìnrin kan á ka ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà: búrẹ́dì, ẹyin, mílíìkì, ọṣẹ ìwẹ̀, tíì, kànìnkànìn. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń kà á. Á fún yín lówó, pọ́n-ùn ti ìlú Ọba ni, ẹ ò sì gbọdọ̀ ná kọjá rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti ń mọwọ́ rẹ̀, á máa le sí i: ohun rírà á pọ̀, fóònù á dún lápò yín láàárín kan, ẹnì kan á fi kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù dí yín lọ́nà, wọ́n á sì ti kó ẹyin kúrò níbi tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n sí. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ agbowó, á sọ èyí tẹ́ ẹ gbàgbé àti èyí tẹ́ ẹ rà láìjẹ́ pé wọ́n rán yín.

Àbúrò mi ti fi bébà àti kọ̀ǹpútà alágbèéká ṣe irú ìdánrawò yìí fún mi rí, káàdì méjì-méjì téèyàn ń ṣí wò kó lè so wọ́n pọ̀. Ó sú mi kíákíá. Nínú awò, mò ń yíjú, mò ń nawọ́, mò ń bẹ̀rẹ̀ mú ọṣẹ ní pẹpẹ ìsàlẹ̀. Kò sú mi rárá.

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò nípa ara awò náà kò pọ̀. Ó wúwo níwájú orí, ó ń mú ojú làágùn pẹ̀lú gbogbo ọyẹ́ yẹn, ẹ ò wá ní í bi mí bó ṣe máa rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iná rẹ̀ kì í pẹ́ tán, ilé wa sì rèé, ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Òyì tún kọ́ mi nígbà tí mo fi bọ́tìnnì rìn geere láàárín ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀nà kan wà téèyàn fi ń fò láti ibì kan dé ibòmíràn láìrìn. Ìyẹn ló bá mi lára mu, pẹ̀lú kí n jókòó sórí àga.

Ẹni tó bá ní irú àìsàn mi, kó ka ibí yìí dáadáa. Ohùn inú awò ń ti gbogbo ibi wá, títí kan ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kan mo dúró níwájú pẹpẹ tíì, mo gbọ́ ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn etí mi òsì. Mo yíjú, kò sẹ́nì kankan. Àyà mi já, torí ibẹ̀ gan-an ni àwọn tèmi máa ń dúró sí nígbà tí ara mi ò yá.

Mo ní, “Ṣé ìwọ náà gbọ́ ọ?”

Àbúrò mi ní, “Mo gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n. Oníbàárà ni, ó wà lẹ́yìn pẹpẹ kejì, fóònù ló ń ṣe. Ẹ na ọrùn díẹ̀, ẹ ó rí fìlà ẹ̀.”

Mo na ọrùn, mo rí fìlà. Àṣé látìbẹ̀rẹ̀ ló ti so awò náà mọ́ fóònù tirẹ̀, tí ohun tí mò ń rí àti ohun tí mò ń gbọ́ ń hàn sí òun náà. Ká ní èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá, mi ò bá ti bọ́ ọ sọ nù, mi ò sì ní í padà sí i mọ́. Ó dín ohùn àwọn èrò ọjà kù, a ń bá a lọ.

Wàyí o, ibi tí iṣẹ́ wà. Tí mo bá ti ra ọjà tán, awò á fún mi ní ìràwọ̀, á pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó tán lọ́wọ́ tirẹ̀ nìyẹn. Àbúrò mi á ní kí n bọ́ ọ, á wá bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe rántí àwọn tẹ́ ẹ rántí yẹn?” Mo máa ń ní mo kàn rántí ni. Kì í gbà. Á ní kí n rò ó wò. Níkẹyìn mo rí i pé àwọn ohun tí mo ti fojú inú kó pọ̀ kì í bọ́: búrẹ́dì, ẹyin, mílíìkì àti tíì jẹ́ ti oúnjẹ àárọ̀, ọṣẹ àti kànìnkànìn jẹ́ ti ìwẹ̀. Kí n mú “àárọ̀ mẹ́rin, ìwẹ̀ méjì” dání ló kù. Ìgbà náà ló máa béèrè èyí tó ń dùn mí létí títí dòní: “Níbo lẹ máa ti lò ó nídìí POS?”

A jọ wá a. Nọ́ńbà àkáǹtì jẹ́ mẹ́wàá, mo wá ń pín in sí mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́rin, mo sì ń pe ìpín kọ̀ọ̀kan síta. Iye owó ni mo ń kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ kí n tó tẹ ohunkóhun. Tí ẹnì kan bá kí mi láàárín iṣẹ́, mo ń nawọ́ sókè, mo ń parí rẹ̀, mo wá ń dáhùn. Nílẹ̀ wa níbí, kéèyàn má tètè dáhùn “Òkun”, ẹjọ́ ni. Ìyá kan tó ń ta ata lódìkejì bínú sí mi títí mo fi ṣàlàyé fún un. Ní báyìí òun ló ń bá mi lé àwọn èèyàn: “Ẹ jẹ́ kó kà á tán ná!”

Ṣé awò ló ṣe é? Mi ò lè gbé gbogbo ẹ̀ fún un. Lásìkò kan náà ni dókítà ń dín benzhexol mi kù díẹ̀díẹ̀, hóró tí wọ́n ń fún wa kí ọwọ́ má baà máa gbọ̀n, kí ara má baà le. Oògùn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè mú kí èèyàn máa gbàgbé nǹkan. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn náà wà nínú ohun tó là mí lójú. Ẹ má lọ fọwọ́ ara yín dá a dúró o, dókítà ni kẹ́ ẹ bi.

Àbúrò mi ní ìtọ́jú fúnra rẹ̀ ti pẹ́, awò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Cognitive remediation ni wọ́n ń pè é, ìdánrawò tó ń ran ìrántí àti ìrònú lọ́wọ́. Ní 2011, Til Wykes ti King's College London àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 40 jọ, èyí tí àwọn aláìsàn tó lé ní 2,000 kópa nínú rẹ̀. Ní 2021, Antonio Vita láti Ítálì, pẹ̀lú Wykes náà, kó 130 jọ, èèyàn 8,851. Àǹfààní wà, fún ọpọlọ àti fún ìgbé ayé ojoojúmọ́, àmọ́ kò tóbi. Ó pọ̀ díẹ̀ sí i níbi tí olùtọ́jú tó kọ́ṣẹ́ ti jókòó tì wọ́n, tí wọ́n kọ́ wọn ní ọgbọ́n téèyàn ń lò, tí wọ́n sì so ó mọ́ ìgbé ayé gidi. Nígbà tó kà á sí mi létí, mo rẹ́rìn-ín. Bébà àti kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìwádìí ti VR lórí ìrònú kò tíì pọ̀, èyí tó wà sì kéré.

Ètò VR tí wọ́n ń pariwo jù nílùú Ọba, gameChange ti Daniel Freeman ní Oxford, ìbẹ̀rù ìta ló wà fún. Ènìyàn 346 ni wọ́n fi dán an wò, èsì rẹ̀ jáde ní 2022. Bọ́ọ̀sì, ṣọ́ọ̀bù, ilé kọfí ló wà nínú rẹ̀, olùkọ́ sì wà nínú awò fúnra rẹ̀, Nic lorúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò lè jáde nílé ló ràn lọ́wọ́ jù. Tèmi kì í ṣe ìjáde, ìṣirò ni, ẹ má ra ọ̀kan ní orúkọ èkejì.

Ẹ̀sùn tó dùn mí jù ni ṣọ́ọ̀bù yẹn. Láti 1954 ni Dókítà Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, ti mú àwọn aláìsàn wọ inú abúlé tó yí ilé ìwòsàn Aro ká l'Ábẹ́òkúta, tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú ẹbí, kí ìtọ́jú lè bá wọn láàárín ayé tí wọ́n mọ̀. Èmi rèé, wọ́n ń kọ́ mi ní bí mo ṣe máa san pọ́n-ùn fún ẹ̀rọ. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ti ń ṣe ètò inú awò, tó ń ka èyí, kó bá wa ṣe ọjà Kábà. Kó má lẹ iye mọ́ ohunkóhun, kí oníṣu kọ́kọ́ pe iye tí a ò ní í san, kí ọlọ́kadà fọn fèrè lẹ́yìn wa, kí ẹnì kan kí wa nígbà tí a ń ka owó. Kó sì fi ẹni tó ní òun ò ní ṣéńjì síbẹ̀. Màá sanwó fún un.