Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó fẹ́ ra táyà A/T fún jíìpù: ẹ ka ara táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n tó fi wọ́n sí rímù

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ń gbèrò láti pààrọ̀ táyà jíìpù rẹ̀ ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ lásìkò yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó san owó. Oníṣòwò kan wà tó ń ta táyà A/T, ìyẹn táyà tí wọ́n ṣe kí ó lè rìn lórí ọ̀dà kí ó sì tún lè rìn nínú ẹrẹ̀ àti lórí òkúta, ṣùgbọ́n ohun tó ń fi han oníbàárà kọ́ ni ohun tó ń fi sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀. Ó ṣe é fún mi ní oṣù méjì sẹ́yìn, ó sì kù díẹ̀ kí ó gba ẹ̀mí èmi àti àbúrò mi. N kò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níbí, nítorí mo ti gbé ẹjọ́ náà lọ síbi tó yẹ, àti nítorí pé òun nìkan kọ́ ló ń dá irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá mọ ọgbọ́n náà, ẹ ó dá a mọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Toyota 4Runner ni jíìpù mi. Ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ sọ pé táyà rẹ̀ jẹ́ P265/70R17, 113S, àti pé afẹ́fẹ́ 32 (ìwọ̀n PSI) ni kí wọ́n fẹ́ sí i. P túmọ̀ sí táyà ọkọ̀ èrò. 265 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 70 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà. 17 ni ìwọ̀n rímù ní ínṣì. Títí dé ibẹ̀, púpọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n. Nọ́mbà tó tẹ̀ lé e ni a kì í wò, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ló ń sọ ìwọ̀n ẹrù tí táyà kan ṣoṣo lè gbé: 113 jẹ́ 1150 kílò, 112 jẹ́ 1120, 121 sì jẹ́ 1450. Lẹ́tà S tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti eré, ìyẹn kìlómítà 180 ní wákàtí kan, èyí tí ojú ọ̀nà wa kò tilẹ̀ gba ẹnikẹ́ni láàyè láti sá.

Nítorí pé mo máa ń lọ sí oko ní Òkè-Ògùn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, tí mo sì máa ń kó ẹrù bọ̀, mo fẹ́ táyà tó le ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Mo sọ fún oníṣòwò yìí pé LT265/70R17 ni mo ń wá, ìyẹn táyà ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, kí nọ́mbà ẹrù rẹ̀ jẹ́ 121/118 (ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti táyà tó dá wà, ìkejì jẹ́ ti táyà tí wọ́n so méjì pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan), kí lẹ́tà E tó ń sọ bí táyà ṣe le tó sì wà lára rẹ̀, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní tẹ́ǹ-pláì. Ó yí méjì jáde síta. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ka ara wọn, gbogbo ohun tí mo béèrè ló wà níbẹ̀, àwọn irun rọ́bà wínníwínní tó máa ń wà lára táyà tuntun kò sì tíì já kúrò. Ó ní méjì tó kù wà ní sítọ́ọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe dúró sínú òòrùn yìí. Ẹ lọ jókòó sábẹ́ ibòòji, àwọn ọmọ á ti parí ẹ̀ kí ẹ tó mu omi tútù tán." Mo lọ jókòó. Nígbà tí mo padà dé, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, wọ́n ti fi pólíìṣì dúdú nù wọ́n, gbogbo wọn ń dán bákan náà. Mo sanwó, mo dúpẹ́, mo sì wa ọkọ̀ mi lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, èmi àti àbúrò mi ń ti Ṣakí bọ̀ lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú àpò àgbàdo mẹ́ta ní ẹ̀yìn ọkọ̀. Kí a tó dé Ìsẹ́yìn, mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ilẹ̀kùn láti apá òsì lẹ́yìn, gbì, gbì, gbì. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ṣùgbọ́n kí n tó rọra yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ojú táyà náà ti ṣí kúrò lára rẹ̀ bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì ń na ara ọkọ̀. Jíìpù fì sí òsì, ó fì sí ọ̀tún. Ọlọ́run ló yọ wá, nítorí kò sí ọkọ̀ kankan tó ń bọ̀ níwájú.

Fọganáísà tó bá wa yọ ọ́ jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan. Ó fi àtàǹpàkò pa ẹ̀gbẹ́ inú táyà náà, ó sì ní kí èmi náà pa á. Níbi tó yẹ kí nọ́mbà ọjọ́ wà, tó yẹ kí ọwọ́ kan ohun tó ga sókè, ó ń jọ̀lọ̀ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ ha á kúrò. Bàbá náà ní, "Ọmọ mi, ẹni tó ta èyí fún ọ mọ ohun tó ń tà."

Nígbà tí a délé, mo tẹ́ ẹní sílẹ̀, mo wọ abẹ́ jíìpù náà pẹ̀lú iná fóònù. Táyà méjì tó wà níwájú ni èyí tó fi hàn mí. Méjì tí wọ́n fi sẹ́yìn, níbi tí ẹrù máa ń tẹ̀ sí, kì í ṣe ọ̀kan náà rárá: 265/70R17 ni wọ́n kọ sí wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n 112/109 ni nọ́mbà ẹrù wọn, C sì ni lẹ́tà wọn. Láàárín 121 àti 112, kílò 330 ló wà lórí táyà kan ṣoṣo, èyí tó ju àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà lọ. Nọ́mbà ẹrù yìí wà ní ìta fún ẹni tó bá wò ó; n kò wò ó, nítorí mo ti ka ti méjì àkọ́kọ́, mo sì rò pé gbogbo rẹ̀ rí bákan náà. Lára táyà ẹ̀yìn apá ọ̀tún ni mo ti rí ọjọ́ orí rẹ̀ ní ìhà inú: 1413, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2013. Ojú rẹ̀ tó dà bíi pé ó jìn, ọ̀bẹ gbígbóná ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Etí ihò rẹ̀ rí wúruwùru, wáyà ti hàn nínú ihò méjì, àwọn òkè kéékèèké tó máa ń wà ní ìsàlẹ̀ ihò láti fi hàn wá pé ojú táyà ti ku mìlímítà 1.6, ọ̀bẹ ti gé wọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe fi ọjọ́ orí táyà pamọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ yìí ti lágbára jù. Gbogbo táyà tí wọ́n ṣe láti ọdún 2000 ló ní nọ́mbà mẹ́rin ní òpin ohun tí wọ́n kọ tẹ̀ lé lẹ́tà DOT (àmì àjọ ìrìnnà Amẹ́ríkà): méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn jẹ́ ọdún. Lára ọ̀pọ̀ táyà, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni nọ́mbà mẹ́rin yìí máa ń wà. Ẹ̀gbẹ́ kejì á ní DOT, á sì ní lẹ́tà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ní ọjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tan yín jẹ kò nílò láti ha ohunkóhun, ó kàn máa yí ẹ̀gbẹ́ tó ní ọjọ́ sí inú, abẹ́ ọkọ̀ á sì bo àṣírí rẹ̀. Àjọ FRSC, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, àti àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ti ń sọ ọ́ léraléra pé táyà kò gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́rin lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, yálà wọ́n lò ó tàbí wọn kò lò ó. Rọ́bà máa ń gbẹ, kódà nínú sítọ́ọ̀. SON tún ń bá àwọn tó ń kó táyà wọlé nípa kíki ọ̀kan bọnú òmíràn jà, torí pé bí wọ́n bá ki táyà bọnú ara wọn bẹ́ẹ̀, wáyà inú rẹ̀ máa ń tẹ̀, a kò sì lè fi ojú rí i láti òde. Bí ẹ bá rí táyà tí ètè rẹ̀ wọ́, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣẹ́ níbì kan, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tún wà níbẹ̀, tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Táyà LT tó ní lẹ́tà C kì í gbé gbogbo ìwọ̀n tí nọ́mbà rẹ̀ sọ àfi tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá tó 50. Èyí tó ní E, àfi tó bá tó 80. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù náà fẹ́ 32 sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹnu ilẹ̀kùn ṣe wí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, táyà P ni ìwé náà ń bá wí. Táyà LT gbọ́dọ̀ ní afẹ́fẹ́ tó ju ti P lọ kí ó tó lè gbé ẹrù kan náà. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó, tí ẹrù wà lórí rẹ̀, tí òòrùn ń pa, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa wọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ooru á mú un láti inú títí ojú rẹ̀ á fi ṣí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí jíìpù Ford Explorer ní Amẹ́ríkà fara jọ ọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000, Firestone ní kí wọ́n dá táyà bíi mílíọ̀nù 6.5 padà nítorí pé ojú wọn ń ṣí lórí eré, afẹ́fẹ́ 26 tí Ford ní kí wọ́n fẹ́ sí i sì wà lára ohun tí wọ́n jà lé lórí.

Nígbà tí mo padà lọ bá oníṣòwò náà, ó fi ìwé owó mi hàn mí. "Táyà mẹ́rin" nìkan ló kọ síbẹ̀, kò kọ ìwọ̀n, kò kọ nọ́mbà ẹrù, kò kọ ọjọ́. Ní ìsàlẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Ó ní báwo ni òun ṣe fẹ́ mọ̀ pé táyà òun ni mo gbé wá. N kò ní èsì tí mo lè fún un, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Mo ti kọ̀wé sí SON àti sí FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, tí òfin wọn ti ọdún 2018 fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára tí kò sì léwu. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, kí òun náà kọ̀wé, kí ó sì fi àwòrán ara táyà náà kún un.

Oníṣòwò kan náà tún fẹ́ fi 285/70R17 lọ̀ mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní ńlá ló yẹ jíìpù. Ẹ má ṣe gbà á bẹ́ẹ̀. Táyà yẹn ga ju 265/70R17 lọ ní mìlímítà 28 láti òkè dé ilẹ̀, á sì máa fọwọ́ ra inú mọ́gáàdì nígbà tí ẹ bá ń kọ́nà, àyàfi bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ náà sókè.

Nígbà tí mo ra òmíràn níbòmíràn, mo ní kí wọ́n to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan rímù. Mo kà á níkọ̀ọ̀kan, ìhà méjèèjì, mo ya àwòrán rẹ̀, mo sì dúró kí wọ́n kọ ìwọ̀n, nọ́mbà ẹrù, lẹ́tà àti nọ́mbà ọjọ́ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé owó. Ọlọ́jà náà bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́. Mo ní kí wọ́n yí ẹ̀gbẹ́ tó ní ọjọ́ síta.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra tiyín, ẹ lè wò ó lálẹ́ òní. Ẹ yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin kí inú táyà iwájú lè hàn síta. Fún ti ẹ̀yìn, ẹ fi òkúta há táyà, ẹ tẹ́ nǹkan sílẹ̀, kí ẹ fi iná fóònù wo ìhà inú. Bí ẹ kò bá rí nọ́mbà mẹ́rin ní ìhà kankan nínú méjèèjì, tàbí tí ọwọ́ yín bá kan ibi tó ń jọ̀lọ̀, ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀nà jíjìn.